Ọ̀nà tó Gba Inú Ilé Àyìsátù Kọjá

Nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí Òmù-Àrán láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yàrá tí mo rí gbà wà nílé obìnrin kan tí gbogbo ọjà ń pè ní Ìyá Kùmásí. Ọdún 1979 ni. Òwu-Ìsin ni mo ti wá, n kò mọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mú mi débẹ̀ sọ fún mi pé ilé náà mọ́, omi kò jìnnà sí i, onílé kì í báàyàn jà, ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kó yà mí lẹ́nu bí mo bá ń rí àlejò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Àlejò wo?" ni mo bi í.

"Gbogbo ìlú," ni ó fi dá mi lóhùn.

Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn yàrá mi tòun ti pákò lẹ́nu, obìnrin kan tó ru igbá kọjá níwájú mi, ó ní ẹ káàárọ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde. Ọkùnrin kan tó fi àdá kọ́ èjìká tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ iléèwé tún tẹ̀ lé ìyẹn, aṣọ iléèwé mi ni wọ́n wọ̀, wọ́n sì kúnlẹ̀ kí mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni pé kíláàsì ni a wà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń gbé ilé náà. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n gbà wọlé, ẹnu ọ̀nà iwájú ni wọ́n gbà jáde.

Orúkọ obìnrin náà gan-an ni Àyìsátù. Ọmọ bíbí Òmù-Àrán ni, ṣùgbọ́n Gáná ló ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kùmásí, wọ́n ń ta òwú, abẹ́rẹ́, bọ́tìnnì, dígí àti kóòmù níbẹ̀ títí ọkọ fi kú. Nígbà tí ìjọba Gáná ní kí àwọn àjèjì máa lọ ní ìparí ọdún 1969, ó mú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Hàmídù, ó sì di ìwọ̀n ẹrù tí ó lè dì, ó padà sílé. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ọjà wẹ́wẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ra ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ọjà, ó sì kọ́ ilé sí i, irú ilé tó wọ́pọ̀ nígbà náà: yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan là á láàárín láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Ọ̀nà ọlọ́dà méjì ló wà: ọ̀nà ọjà níwájú ilé wa, ọ̀nà ọsibítù lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ilẹ̀ tó wà láàárín méjèèjì fẹ̀, ó sì gùn. Láyé àtijọ́, agbo ilé àti oko etílé ló kún ibẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sì là á káàkiri bí ìlà àtẹ́lẹwọ́. Ibi tó bá wu ẹsẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń gbà.

"Nígbà tí mò ń kọ́lé yìí," Àyìsátù sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà, "Sàlíhù bíríkìlà ló ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ó dé àárín ilẹ̀, ọkọ́ kò wọlẹ̀ mọ́. Ó ní, 'Ìyá, ẹsẹ̀ ló tẹ ibí yìí le.' Ọ̀nà ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi wá bọ́ sórí rẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò sẹ́ni tó bínú. Ọ̀nà míì ṣì pọ̀ nígbà yẹn."

Lẹ́yìn náà ni owó epo dé. Wọ́n da ọ̀dà sí títì, owó oṣù lọ sókè, àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó àti Kàdúná ń fowó ránṣẹ́ wálé pé kí wọ́n bá àwọn ra ilẹ̀ nítòsí ọ̀nà ọlọ́dà. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀, fẹ́ǹsì ló ń kọ́kọ́ mọ, ilé ń bọ̀ lẹ́yìn. Òmíràn mọ fẹ́ǹsì tán, kò kọ́lé rárá, koríko ló ń gbé inú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ń kú. Kò sẹ́ni tó kéde rẹ̀. O kàn máa dé ibi tí o gbà lánàá, wàá bá búlọ́ọ̀kù.

Fẹ́ǹsì tó ga jù ni ti Ọlánípẹ̀kun, agbaṣẹ́ṣe tó ń bá ìjọba kọ́ afárá àti ilé-ìwé. Kọ́ńtírátọ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ilẹ̀ rẹ̀ àti ti Àyìsátù bá ara wọn pààlà lápá òsì. Píjò méjì ló ní nígbà náà, kì í fẹsẹ̀ rìn dé ibì kankan. Lápá ọ̀tún, ará Èkó kan tí a kò rójú rẹ̀ rí ló mọ tirẹ̀. Àlàfo kan ṣoṣo ló kù, láàárín ilé Àyìsátù àti fẹ́ǹsì Ọlánípẹ̀kun, kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ. Ní 1975, Hàmídù, tó ti ríṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ní Èkó, gba owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún ìyá rẹ̀ sẹ́nu àlàfo yẹn gan-an, kí ìyá má baà máa ru igbá kiri ọjà mọ́. Ṣọ́ọ̀bù tó dára ni, ó ní ilẹ̀kùn onírin, pákó àtẹ yí i ká nínú. Gbogbo àdúgbò wá bá a yọ̀. Bí àlàfo tó kẹ́yìn ṣe dí nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó fiyè sí i.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń lọ sí ọsibítù láti ọjà gbọ́dọ̀ rìn títí dé ìkóríta, kó yí po, kó sì máa padà bọ̀ lápá kejì. Ọ̀nà náà jìn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà. Gọ́tà jíjìn wà lọ́tùn-ún lósì, etí ọ̀dà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gọ́tà. Bí tìpà bá ń bọ̀, o ní láti dúró jẹ́ẹ́ lórí bèbè títí yóò fi kọjá.

Àyìsátù sọ pé òun kò pinnu láti sọ ilé òun di ọ̀nà. Òjò ló fà á. Lọ́dún 1977, ó jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ bí ẹni ń da omi, obìnrin kan tó ń jẹ́ Nímọ́tà sì yọ lódìkejì títì. Ẹlẹ́kọ ni Nímọ́tà, ìyàwó mẹkáníìkì kan. Ó di ikùn mú, omi ń ṣàn lára aṣọ rẹ̀.

"Ìyá Kùmásí, ẹ ṣàánú mi. Ṣé mo lè gba ẹ̀yìnkùlé yín?"

"Gbà á lọ sí ibo?"

"Ọsibítù ni. N kò lè dé ìkóríta mọ́. Ó ti ń mú mi gidi."

Àyìsátù wo ikùn rẹ̀, ó wo òjò. "Bọ́ síbí," ni ó wí. Ó dì í lápá mú, wọ́n gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, wọ́n bọ́ sí agbo ilé bàbá Awóyẹmí lẹ́yìn ilé. Agbo ilé yẹn nìkan ló ṣẹ́kù láàárín ilẹ̀ náà tí kò mọ ògiri. Bàbá Awóyẹmí, àgbẹ̀ tó ti darúgbó, jókòó lábẹ́ páànù, ó kàn nawọ́ sí ibi tí ẹrẹ̀ kò ti pọ̀. Wọ́n já sí ọ̀nà ọsibítù. Kí wọ́n tó kírun Màgáríbì, Nímọ́tà ti bímọ.

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, ọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú dé, ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ń gba ibẹ̀. Ẹlòmíràn tún dé. Nímọ́tà alára, bó ṣe jáde ọmọ tán, ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́ lọ ta ẹ̀kọ fún àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn. "Èwo ni n bá lé padà nínú wọn?" Àyìsátù bi mí.

Ó ṣe òfin díẹ̀. Ẹni tí ẹrẹ̀ bá wà ní bàtà rẹ̀ á bọ́ ọ lọ́wọ́. Kò sí kẹ̀kẹ́, kò sí ewúrẹ́. Ẹni tí o bá bá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, o gbọ́dọ̀ kí i. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì bí ó bá ti kírun àfẹ̀mọ́júmọ́ tán, ó sì ń tì wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa. Àwa ayálégbé ń kùn, pàápàá lọ́jọ́ ọjà tí èèyàn kò lè da omi síta láìjẹ́ pé ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kó jáde nítorí rẹ̀. A mọ ìròyìn ìlú kí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ bá ń ké nínú yàrá, ẹni tó ń kọjá á yọjú wò ó. Àwọn kan ń sọ pé nítorí ọjà rẹ̀ ló ṣe ṣílẹ̀kùn. Mo sọ ọ́ létí rẹ̀ nígbà kan, mo rò pé á bínú.

"Òótọ́ ni," ni ó wí. "Wọ́n ń kọjá, wọ́n ń ra abẹ́rẹ́. Ṣé kí n dijú ni?"

Bó ṣe rí nìyẹn títí owó epo fi já wálẹ̀, tí ọdún sì burú. Ẹni tó bá dàgbà nígbà náà mọ̀ ọ́n, kò yẹ kí n tún máa sọ ọ́ gùn. Iṣẹ́ ìjọba dúró, àwọn kan ti Èkó padà wálé pẹ̀lú àpótí aṣọ nìkan, ìrẹsì di ohun tí wọ́n ń tò fún. Ọlánípẹ̀kun ta Píjò kan. Ìkejì wà nínú ọgbà rẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù, kò ní táyà. Àwọn tó ń fi mọ́tò kọjá tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa sì wá kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tíṣà, akọ̀wé, ìyàwó ọ̀gá ọlọ́pàá, gbogbo wọn ń ní, "Ẹ kúulé o," wọ́n ń kọjá.

Ní ọdún 1985, ní ọjọ́ ọjà kan, ọkùnrin kan bá àwọn èrò wọlé, ó yà sí yàrá ayálégbé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó gbé rédíò. Ẹnì kan pariwo. Ọkùnrin náà sá gba ẹ̀yìn. Àyìsátù ń ṣàlùwàlá lọ́wọ́ lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń múra ìrun Alááṣárì. Bóyá ọkùnrin náà kò tilẹ̀ rí i. Ó gbá a dànù, ó sì sá lọ. Ọwọ́ òsì ìyá kán ní ọrùn ọwọ́.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun ní Rore. Ó pẹ́ kí ọwọ́ náà tó jinná, kò sì tún nà tán mọ́. Ó ń fi ọwọ́ kan dì gèlè, eyín ló fi ń ran ọwọ́ náà lọ́wọ́.

Hàmídù gbọ́, ó wá. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í gbóhùn sókè. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí ẹní, ó gbé ọwọ́ tó kán náà sórí itan ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó dìde, ó lọ sọ́jà, ó ra agádágodo ńlá kan, ó fi ti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.

"Ìyá, ẹ máà bínú sí mi," ni ó wí. "Ẹ̀yin nìkan ni òbí tí mo ní. Bí ọ̀bẹ bá wà lọ́wọ́ ẹni yẹn ńkọ́?"

Àyìsátù kò bá a jiyàn. Kò sí nínú àwa ayálégbé tó bá a jiyàn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Ó fi kọ́kọ́rọ́ kan sílẹ̀ fún mi pé kí n máa ṣílẹ̀kùn fún ìyá bó bá fẹ́ lọ sẹ́yìn, ó sì padà sí Èkó.

Èrò ṣì ń wá ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n á wọlé, wọ́n á rìn dé ẹ̀yìn, wọ́n á fọwọ́ kan agádágodo náà, wọ́n á padà. Àwọn tó ti ọ̀nà ọsibítù bọ̀ á kanlẹ̀kùn, wọ́n á ní, "Ìyá Kùmásí, ẹ kú ìrora o, Ọlọ́run á mú ọwọ́ yín le," wọ́n á sì yí padà. Kò sẹ́ni tó bú wa. Nígbà tó yá, wọn kò wá mọ́. Ilé dákẹ́. Mo ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ láti yàrá dé yàrá. Mo rò pé ara á tù mí, ara sì tù mí fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn rẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé ìyá kì í jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Á gbé àpótí sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa wo ilẹ̀kùn títì.

Nímọ́tà ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yí. Ó ti padà sí yíyí ìkóríta po pẹ̀lú igbá ẹ̀kọ lórí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, tìpà kan tó ru yanrìn yà fún kòtò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ún. Nímọ́tà yẹra, bèbè sì yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ré sínú gọ́tà tòun ti ẹrù. Itan rẹ̀ ya, eyín iwájú rẹ̀ kan sì kán. Dírẹ́bà náà dúró, ó ràn án lọ́wọ́, ó bẹ̀ ẹ́. Àwọn èèyàn tó péjọ ní ẹ̀bi rẹ̀ kọ́, ọ̀nà ni kò sí.

A lọ kí i ní ọsibítù, èmi àti Àyìsátù. Ọ̀nà ìkóríta kan náà ni a gbà bọ̀ láti ọsibítù, nítorí pé inú ilé ni agádágodo ẹ̀yìn wà, kò sì sẹ́ni nílé tó lè ṣí i fún wa. Ìyá ń rìn lẹ́yìn mi lórí bèbè, ó fi ọwọ́ tó le di ìró mi mú. Nígbà tí a délé, ó jókòó, ó ní:

"Tíṣà, ilẹ̀kùn tí Hàmídù tì dára."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ọ̀nà náà sì dára. Àwọn méjèèjì ni wọn kò gbọdọ̀ wà lójú kan náà."

N kò mọ ibi tó ń lọ. Ó dìde, ó jáde síwájú ilé, ó dúró, ó sì ń wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ohun tó ní lọ́kàn kò le láti ṣàlàyé. Bí a bá wó ṣọ́ọ̀bù náà, tí a sì gbé ilé ìdáná tí wọ́n kọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn kúrò, àlàfo àtijọ́ á tún là láti ọ̀nà ọjà títí wọ agbo ilé Awóyẹmí. Ìta gbangba ni, kò wọ inú ilé. A lè tilẹ̀kùn wa, kí ìlú sì máa kọjá. Ohun kan ṣoṣo ló kù: igun fẹ́ǹsì Ọlánípẹ̀kun yọ sínú àlàfo náà lápá ẹ̀yìn, ó há ibẹ̀ débi pé ẹni kan ṣoṣo ló lè kọjá, ìyẹn náà ní ẹ̀gbẹ́.

Ó mú mi dání lọ sọ́dọ̀ Ọlánípẹ̀kun. A bá a nínú ọgbà, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń fún adìyẹ lóúnjẹ nítòsí Píjò tó wà lórí búlọ́ọ̀kù. Ó gbé àga fún ìyá.

"Kọ́ńtírátọ̀, igun yẹn ni mo bá wá," Àyìsátù wí. "Bí ẹ bá gé e wọlé díẹ̀, èèyàn méjì á lè kọjá tẹrù-tẹrù."

Ó tẹ́tí títí ó fi parí ọ̀rọ̀. "Ìyá, mo gbọ́ yín," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà nínú ìwé mi ni. Bí mo bá gé igun lónìí, lọ́la ẹnì kan á ní kí n ṣílẹ̀kùn. Ẹ kò rí ohun tó ṣe yín?"

"Ó ṣe mí nínú ilé. Ìta ni mo ń wá báyìí."

"Rárá, Ìyá. Ẹ jọ̀wọ́."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó sìn wá dé géètì.

Iléyá ọdún náà ni Hàmídù wá. Ìyá dúró títí wọ́n fi pa àgbò tán, tí wọ́n pín ẹran fún àwọn aládùúgbò, kó tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Èmi ń yan ẹran lẹ́nu iná, mo sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́ fún yín?" Hàmídù bèèrè. Ó jọ pé kò gbọ́ dáadáa.

"Òun ni."

"Ìyá, gbogbo owó Údójì mi ló wà níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi fi tiwọn ra alùpùpù, wọ́n fi ra ẹ̀rọ tí ń kọrin. Èmi ní kí ìyá mi má ru igbá mọ́."

"Mo mọ̀. Mo sì dúpẹ́, mo ń dúpẹ́ títí dòní."

"Ẹ wá fẹ́ wó o kí ẹlẹ́kọ lè rọ́nà gbà?"

"Hàmídù, ta ló ni ṣọ́ọ̀bù?"

"Ẹ̀yin ni."

"O fún mi tán?"

"Mo fún yín tán."

"Ó dáa. Ibi tí o kọ́ ọ sí, èmi ni mo fi hàn ọ́. O kò mọ̀ pé ọ̀nà ni, Kùmásí ni o dàgbà sí. Èmi mọ̀. Mo ní ọ̀nà míì wà. Kò sí mọ́."

Hàmídù dìde. Ó wọlé, ó kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó sì wọkọ̀ Èkó láàárọ̀ ọjọ́ kejì láìjẹun. Ìyá gbé ẹran díndín tẹ̀ lé e dé ibùdókọ̀. Hàmídù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀. Nígbà tí ìyá padà délé, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ nìyẹn.

Síbẹ̀ ó ránṣẹ́ pe Sàlíhù bíríkìlà. Sàlíhù ti ní ewú lórí, iṣẹ́ kò sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó fara balẹ̀ yọ ilẹ̀kùn onírin náà, kò jẹ́ kó tẹ̀, ó yọ páànù, ó ń fi òòlù kékeré tú búlọ́ọ̀kù lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó má baà fọ́. Àwọn èrò ọjà dúró, wọ́n ń wò. Àwọn kan ní Ìyá Kùmásí ti ń ṣarán. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n yọ ni Sàlíhù fi kọ́ ilé ìdáná tuntun lápá ọ̀tún ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀kùn onírin sì di ti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wa. Ìyá gbé àtẹ ọjà rẹ̀ sí abẹ́ àtíbàbà páànù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà iwájú. Bí òjò bá ń rọ̀, ó ń kó wọlé.

Ọ̀nà là. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìlú ti mọ̀. Ṣùgbọ́n níbi igun Ọlánípẹ̀kun, wàhálà ni. Ẹni tó ru igi á sọ ọ́ kalẹ̀, á fà á kọjá ní ẹ̀gbẹ́, á tún gbé e rù. Ẹni tó ń lọ á dúró de ẹni tó ń bọ̀. Àwọn kan bú Ọlánípẹ̀kun sókè kí ó lè gbọ́. Àyìsátù bá wọn wí pé ẹni tó bá fẹ́ búni, kó gba ìkóríta.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà kan, Ọlánípẹ̀kun fúnra rẹ̀ ń ti ọjà bọ̀, ó gbé gààrí sí èjìká. Ó ti ń gba ọ̀nà náà nígbà yẹn, ohun tí gbogbo ayé ń gbà ni. Ó dé ibi igun rẹ̀, èrò sì ti há: ẹlẹ́wé, àwọn ọmọ iléèwé, ọkùnrin méjì tó fi àga gbé ìyá wọn lọ sí ọsibítù, tí àga náà kò gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n gbé ìyá náà sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ìkejì ru àga lé orí. Ọlánípẹ̀kun dúró lórí ìlà bí àwọn tó kù. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan sí i, wọ́n kàn yà fún gààrí rẹ̀ nígbà tó kàn án.

Kò wá bá Àyìsátù. Sàlíhù ló wá sọ fún wa pé Kọ́ńtírátọ̀ ránṣẹ́ sí òun. "Ó ní kí n gé igun yẹn," ni ó wí, "kí n sì fi búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kọ́ ilé adìyẹ fún òun." Ó gé e. Èèyàn méjì wá lè kọjá, kódà pẹ̀lú àga tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn. Nígbà tí Ọlánípẹ̀kun àti Àyìsátù tún pàdé, wọ́n kí ara wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ fẹ́ǹsì kò wọ inú rẹ̀.

Ará Èkó tó wà lápá ọ̀tún kò ṣí tirẹ̀. Lọ́nà ìsàlẹ̀, nítòsí ilé epo, ìdílé kan yọ búlọ́ọ̀kù díẹ̀ lára ògiri wọn kí èèyàn lè kọjá lọ síbi ẹ̀rọ omi, wọ́n sì tún dí i nígbà tí màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú rí.

Hàmídù kò wálé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, kò dá a dúró, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ sí i. Ní Iléyá tó tẹ̀ lé e, ó dé pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Mo rí i ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ọdún, ó dúró nínú ọ̀nà náà, ó ń wo ilẹ̀. Nímọ́tà ń kọjá pẹ̀lú igbá ẹ̀kọ, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ìyá o." Hàmídù ní, "Ẹ ṣeun." Nígbà tó wọlé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé omi ń dá rogún sí àárín, pé bó bá di òjò ńlá, ẹrẹ̀ á pọ̀ níbẹ̀.

"Mo ti ń sọ fún Sàlíhù," ìyá dá a lóhùn.

"Ẹ má ṣe yọ Sàlíhù lẹ́nu. Ibo ni ọkọ́ wà?"

Ó bọ́ àgbádá ọdún rẹ̀, ó sì la ojú omi sí ẹ̀bá fẹ́ǹsì títí dé gọ́tà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń kó erùpẹ̀. Ìyá gbé àpótí síta, ó jókòó tì wọ́n, ó ń sọ fún un pé kò gbẹ́ ẹ jìn tó.

Ní 1989, wọ́n gbé mi kúrò ní Òmù-Àrán lọ sí Ṣàrẹ́. Mo ń yà kí i bí mo bá ń kọjá lọ sí Òwu-Ìsin. Ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn, ó ti fi ọ̀pá tilẹ̀ díẹ̀, inú sì ń bí i. Ó ní àwọn ọmọkùnrin ń tọ̀ sára ògiri ọ̀nà náà, pé àwọn onígààrí fẹ́ máa patẹ sínú rẹ̀, pé òun ti lé wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò gbọ́, pé káńsù kò sì rí nǹkan ṣe sí i.

"Bá mi kọ ọ́ sára ògiri pé kí wọ́n má tọ̀ síbí," ni ó wí. "Ìwọ ni tíṣà."

Mo bá a kọ ọ́ pẹ̀lú èédú, lẹ́tà gàdàgbà. Ó ní kí n kà á fún òun. Mo kà á. Ó ní kí n fi kún un pé onígààrí náà kò gbọdọ̀ patẹ síbẹ̀.